Oúnjẹ Ni Kí Ẹbí Kọ́kọ́ Ṣírò, Kí Wọ́n Tó Gba Yàrá

Bí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí ní Mọníyà, Lálúpọn, Ẹgbẹ́dá àti Àkànrán á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ibi tí wọ́n lè kó ẹbí lọ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Kì í ṣe olówó nìkan ló ń rò ó. Tíṣà ń rò ó, àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta kókó ń rò ó, ìyá tó ń ta èlùbọ́ àti awakọ̀ kórópe tó kó àjọ náà ń rò ó, torí gbogbo wọn ló fẹ́ kí ọmọ àwọn rí ibòmíràn yàtọ̀ sí ilé àti oko. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan ibẹ̀ kò pamọ́: wọ́n á wo fọ́tò yàrá lórí fóònù, wọ́n á bèèrè iye tó jẹ́ lálẹ́ kan, wọ́n á sì mú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Ti oúnjẹ ńkọ́? Wọ́n á ní bí àwọn bá dé ibẹ̀, àwọn á wá nǹkan jẹ. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń bọ́ dànù. Ohun tí mo fẹ́ fi yé òbí ni pé iye ẹnu tó fẹ́ jẹun, iye ìgbà tí wọn yóò jẹ, àti ọ̀nà tí oúnjẹ yóò gbà dé iwájú wọn ló yẹ kó ṣáájú ọ̀rọ̀ yàrá. Ẹni tó bá ti mọ èyí yóò rí i pé orí oúnjẹ ló yẹ kí òun ti ṣọ́wó ná, kí òun sì kó owó tó bá ṣẹ́ kù lé yàrá, dípò kí òun ṣahun lórí yàrá kí òun wá máa ra oúnjẹ ní ọ̀wọ́n gógó.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká yọ ìrìn tí kò gba pé kéèyàn sùn síta kúrò. Ẹni tó wà ní Ìyànà-Ọ̀fà kò ní ohun tó ń wá ní hòtẹ́ẹ̀lì bó bá jẹ́ Agodi Gardens tàbí Trans Amusement Park ní ìgboro Ìbàdàn ló fẹ́ mú ọmọ lọ, tàbí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn. Wọ́n á lọ láàárọ̀, wọ́n á dé ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ará Akinyẹlé tiẹ̀ ní IITA lẹ́nu ọ̀nà wọn, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 1,000, tó ní igbó, adágún omi àti ilé àlejò nínú. Ibi tí yàrá ti di dandan ni ọ̀nà jíjìn: La Campagne Tropicana ní Ìkẹ́gun, létí òkun ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, tàbí Ìkọ́gòsì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó ṣàn pàdé ara wọn. Ọ̀nà sì ti là fún ará ìletò ju ti àtijọ́ lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, Mọníyà sì ni ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà, tí ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Èkó. Ẹgbẹ́dá ní tirẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀ gan-an, ọ̀nà yìí náà lèèyàn sì ń gbà kọjá sí Iléṣà àti Èkìtì. Ìkọ́gòsì ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, torí pé omi rẹ̀ tó ìdí ká sùn síbẹ̀: ní orísun, gbígbóná rẹ̀ tó 70°C, nígbà tó bá sì fi máa pàdé omi tútù, ó ti rọlẹ̀ sí nǹkan bí 37°C, tí ọmọdé lè wọ̀ láìkígbe.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Ká ní ẹni méje ni ẹbí náà: bàbá, ìyá, ìyá àgbà àti ọmọ mẹ́rin. Wọ́n dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, wọ́n kúrò ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn oúnjẹ. Alẹ́ méjì péré ni wọ́n sùn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n jẹun: ọ̀sán àti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀ẹ̀mẹta ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ́nà méje jẹ́ abọ́ 42. Ilé ìtura á ní òun fi oúnjẹ àárọ̀ kún owó yàrá, inú bàbá á sì dùn. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìtura wa, ẹni méjì ni oúnjẹ àárọ̀ yẹn wà fún nínú yàrá kan, ibòmíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Nínú abọ́ àárọ̀ 14 tí ẹbí yìí máa jẹ, yàrá kan á san mẹ́rin, yàrá méjì á san mẹ́jọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá tiẹ̀ gba yàrá méjì, abọ́ 34 ló ṣì wà lọ́rùn bàbá àti ìyá. Ká wá fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ, kí oníkálukú fi iye tó bá gbọ́ lẹ́nu ilé ìtura rọ́pò rẹ̀: bí yàrá bá jẹ́ ₦50,000 lálẹ́, yàrá méjì fún alẹ́ méjì jẹ́ ₦200,000. Bí abọ́ oúnjẹ kan nínú ilé oúnjẹ wọn bá jẹ́ ₦6,000, abọ́ 34 jẹ́ ₦204,000. Oúnjẹ tí wọ́n ní àwọn á kàn wá jẹ níbẹ̀ ti gba owó ju yàrá tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ná owó rẹ̀ lọ, a ò sì tíì mẹ́nu ba ohun mímu, tàbí ọmọ tó rí áísìkiriìmù lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíì.

Owó orí náà wà níbẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2020 ni VAT ti di ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà, orí oúnjẹ tí wọ́n sè tà ní hòtẹ́ẹ̀lì ló sì ń já lé. Lórí ₦204,000, ìyẹn jẹ́ ₦15,300. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2009 tó fi ìdá 5 lé owó hòtẹ́ẹ̀lì àti ti ilé oúnjẹ, kí ẹni tó ń lọ sí etí òkun fi èyí náà sọ́kàn. Èlùbọ́, gàrí, iṣu àti ìrẹsì tí a rà lọ́jà Bódìjà tàbí lọ́jà Mọníyà kò ní VAT lórí. Òfin fúnra rẹ̀ ni ó mú kí oúnjẹ tútù tí a gbé láti ilé dín owó ju èyí tí wọ́n sè fún wa lọ, kí a tó wá sọ ti èrè olóúnjẹ. Ohun mìíràn tún wà tí ìwé owó kì í sọ: ọmọ ọdún mẹ́rin kì í jẹ abọ́ kan tán lẹ́ẹ̀kan. Á jẹ díẹ̀, á sá lọ ṣeré, lẹ́yìn wákàtí kan á padà wá ní ebi ń pa òun. Abọ́ àgbàlagbà tí a rà fún un á ti tutù, a ó sì tún ra òmíràn.

Kí ni kí a wá ṣe? Èmi kò sọ pé kí ẹbí lọ fi gàrí mu omi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìpín ni mo ń sọ. Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, láti ilé ni kó wá: kí wọ́n sè é ní ìdájí, kí wọ́n rọ ọ́ sínú kúlà ní gbígbóná, kí wọ́n jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà tàbí ní kété tí wọ́n bá dé. Oúnjẹ alẹ́ méjèèjì, kí wọ́n jẹ ẹ́ ní bùkà ìlú. Ẹni tó bá lọ sí Èkìtì tí kò fún ọmọ rẹ̀ ní iyán àwọn ará ibẹ̀, tó wá ń ra ànàmọ́ dídín fún un ní hòtẹ́ẹ̀lì, fi ìdajì ìrìn àjò náà ṣòfò. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí gbogbo wọn jókòó sí ilé oúnjẹ ibùdó ìgbafẹ́ náà, kí wọ́n fara balẹ̀, kí àwọn ọmọ mú ohun tó wù wọ́n, torí ìyẹn náà wà lára ohun tí wọ́n wá rí. Àárọ̀ ni búrẹ́dì, tíì àti ẹyin sísè á ti wúlò fún àwọn tí oúnjẹ àárọ̀ yàrá kò kàn. Bí a bá ṣe é báyìí, abọ́ méje péré ni wọ́n rà ní ibùdó náà, ₦42,000. Bí abọ́ bùkà 14 bá jẹ́ ₦2,500 níkọ̀ọ̀kan, ₦35,000 nìyẹn. Ká fi ₦27,000 kún un fún ohun tí wọ́n gbé láti ilé. Àpapọ̀ jẹ́ ₦104,000, ó sì dín ní ₦100,000 sí ohun tí wọn ì bá ná. Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n gbé lé yàrá.

Ohun tí a óò gbé láti ilé ní òfin tirẹ̀, ará oko sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ẹbí tó nílé ní ìgboro Ìbàdàn tó sì ń roko ní Ọ̀nà-Àrà tàbí Lágelú ti ń di oúnjẹ rìn láti ìran baba ńlá wọn. Èlùbọ́, gàrí, ẹ̀pà, ẹja gbígbẹ, róbó àti kókóró kì í tètè bàjẹ́ torí omi ti tán lára wọn. Ata tí a dín títí omi rẹ̀ fi gbẹ tí òróró fi léfòó lórí rẹ̀ náà lè dúró fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ifẹ̀ kò ní ṣàì kọjá ní Ìkirè, dòdò Ìkirè tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rọ̀ ṣe sì jẹ́ ìpanu ọ̀nà tó tẹ́ ọmọdé àti àgbà lọ́rùn. Mọ́ínmọ́ín, ìrẹsì sísè àti ẹran inú ọbẹ̀ olómi ni kí a ṣọ́ra fún. Kòkòrò àìrí tó ń ba oúnjẹ jẹ́ a máa yára pọ̀ sí i nígbà tí oúnjẹ bá wà láàárín 5°C àti 60°C. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ní oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ nínú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, bí ooru ìta bá sì ju 32°C lọ, kó má ju wákàtí kan lọ. Ìrẹsì burú jù, nítorí irúgbìn kòkòrò kan wà lára rẹ̀ tí iná kì í pa, tó máa ń jí bí ìrẹsì náà bá ti ń tutù díẹ̀díẹ̀. Kúlà tó dára, tí a kọ́kọ́ fi omi gbígbóná ṣan, tí a rọ oúnjẹ kún dé ẹnu, tí a kò sì máa ṣí ní gbogbo ìgbà, lè mú kó gbóná di ọ̀sán. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn náà, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n má fi pamọ́ di alẹ́.

Ó kan yàrá. Ìdí tí mo fi ní kí owó lọ síbẹ̀ ni pé yàrá tí kò dára kì í ba oorun ẹnì kan ṣoṣo jẹ́, ti gbogbo ẹbí ló ń bà jẹ́, oúnjẹ tí kò dára kò sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí a tó yí padà. Ìyá àgbà ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí orúnkún bá ń dùn ún, yàrá tó wà ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ti há a mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta, bí owó rẹ̀ ti wù kó dín tó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ tó kéré jù: bí ilẹ̀kùn yàrá bá kọjú sí odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí kò ní ọgbà yí i ká, kí wọ́n bèèrè òmíràn láì tijú. Fún ẹni méje, ilé kékeré tó dá dúró, tó ní yàrá méjì, pálọ̀ kan àti ilẹ̀kùn àbáwọlé kan, sàn ju yàrá hòtẹ́ẹ̀lì méjì tó jìnnà síra wọn lọ. Nínú ilé bẹ́ẹ̀, ìyá lè gbọ́ bí ọmọ bá sunkún lóru, àwọn àgbà lè jókòó sí pálọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, bó bá sì ní kíṣìnì àti fíríìjì, apá kan ìṣòro oúnjẹ ti tán nìyẹn. Bí kò bá ní kíṣìnì, kí ẹnikẹ́ni má gbé sítóòfù tàbí gáàsì wọ yàrá ìbusùn. Iná ń ṣẹlẹ̀, èéfín tí kò ní òórùn sì ti pa ènìyàn lójú oorun. Kẹ́tùrù oníná tó wà nínú yàrá tó fún tíì àti kọ́sítáàdì. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná náà wà níbẹ̀: aago mélòó ni wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀, aago mélòó ni wọ́n ń pa á? Yàrá tí fáànù rẹ̀ dúró ní aago kan òru nínú ooru kò yàtọ̀ sí pé a kò sùn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ní òkè òkun, ibi tí wọ́n ti mọ̀ nípa ìgbafẹ́ jù wá lọ, owó kan ṣoṣo ni wọ́n ń san fún yàrá, oúnjẹ àti eré, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Òótọ́ ni. Nígbà tí Billy Butlin ṣí ibùdó ìsinmi rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Skegness, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1936, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ àti eré wà nínú owó tí òṣìṣẹ́ ń san. Club Med náà bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní erékùṣù Mallorca ní 1950. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó mú kó ṣeé ṣe: ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn ló ń jẹun papọ̀ lásìkò kan náà, oúnjẹ kan náà, tí wọ́n sè nínú ìkòkò ńlá, nítorí náà owó abọ́ kọ̀ọ̀kan wálẹ̀. Ibùdó ìgbafẹ́ tiwa tó ní yàrá díẹ̀, tó ń ra dísù fún jẹnẹrétọ̀, tí ẹni mẹ́wàá bá jẹun lónìí tí kò sì dájú pé ẹnì kan á jẹun lọ́la, kò lè ta oúnjẹ lówó pọ́ọ́kú, n kò sì bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tó tún yẹ ká kíyè sí ni pé Butlin's fúnra wọn ti ń ta ilé oníkíṣìnì fún ẹbí tó fẹ́ máa se oúnjẹ ara wọn lónìí. Bákan náà ni ní Florida: ní oṣù kẹwàá 1971 ni Walt Disney World ṣí pẹ̀lú hòtẹ́ẹ̀lì, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ṣí ibùdó àgọ́ tí ẹbí ti lè dáná fúnra wọn. Ètò oúnjẹ àsansílẹ̀ tí wọ́n ń tà níbẹ̀, tí wọ́n dá dúró ní 2020 tí wọ́n sì dá padà ní 2024, ka ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́wàá sí àgbàlagbà. Ẹbí tó ní ọmọ ọdún mẹ́wàá méjì tí kì í jẹun púpọ̀ yóò san owó oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ. Ní ibi tí wọ́n ti lajú sí ìgbafẹ́ jù náà, àwọn tó gbọ́n ń ṣírò ẹnu kí wọ́n tó sanwó.

Mo gbà pé ibì kan wà tí ètò oúnjẹ pípé ti borí. Òkè Obudu ní ìpínlẹ̀ Cross River jẹ́ ọ̀kan, ibi tó ga tó 1,576 mítà sí òkun, tí ọ̀nà rẹ̀ ń lọ́ kọ́ńkọ́rọ́ gun òkè. Ẹni tó bá dé òkè yẹn kò ní sọ̀ kalẹ̀ wá bùkà lálẹ́. Ibi tí kò bá ti sí ìlú nítòsí, tàbí tí ó jẹ́ alẹ́ kan péré, kí ẹbí san owó oúnjẹ pọ̀ mọ́ yàrá, kí wọ́n sì fọkàn balẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ibùdó ìgbafẹ́ kì í gbà kí a gbé oúnjẹ wọlé. Ọ̀pọ̀ ló ní òfin bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, òmíràn á fi sórí ilé oúnjẹ àti etí odò ìlúwẹ̀ẹ́ nìkan, òmíràn á ní kó má wọ ẹnu géètì rárá. Ìdí nìyí tí ìbéèrè oúnjẹ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú àsansílẹ̀. Kí a kọ ọ́ ránṣẹ́ sí máníjà lórí WhatsApp, kí òun náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì: ẹni mélòó ni oúnjẹ àárọ̀ wà fún nínú yàrá kan, ṣé ìdajì owó ni ọmọdé ń san, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n ń pè ní ọmọdé, ṣé a lè gbé kúlà wọ yàrá, ṣé VAT ti wà nínú iye tí wọ́n pè. Ibi tí wọn ò bá ti lè dáhùn ìbéèrè márùn-ún yìí kedere, n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó fi owó àjọ rẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀.

Àtakò kan ṣoṣo ló wúwo lójú mi, òun sì ni pé ìyá ilé náà fẹ́ sinmi. Obìnrin tó ń jí ní aago márùn-ún lójoojúmọ́, tó ń ro èlùbọ́, tó ń lọ sọ́jà, tó ń wẹ ọmọ, kí ló dé tí a óò tún gbé kúlà àti ata dídín lé e lórí nígbà tí a sọ pé ìsinmi ni? Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ni yóò ṣe gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, kí bàbá kúkú san ₦204,000 náà, kó má tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ kò sí iṣẹ́ kan nínú rẹ̀ tó di dandan kó jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá lè se ẹyin, kó sì di búrẹ́dì. Bàbá lè jí ní aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Ẹtì, kó gbé ìrẹsì kaná, kó ṣan kúlà, kó sì rọ ọ́ sínú rẹ̀. Òun náà ló yẹ kó wá bùkà kiri ní ìrọ̀lẹ́, kó bèèrè ẹni tí iyán rẹ̀ dára, kó gbé e wálé fún ìyá tirẹ̀ tí kò lè rìn dé ibẹ̀. Kí wọ́n pín iṣẹ́ wọ̀nyí sílé kí wọ́n tó wọkọ̀, lójú ìyá àti àwọn ọmọ, kí oníkálukú mọ tirẹ̀. Bí bàbá kò bá lè ṣe ìlérí yẹn, abọ́ 34 ni kó lọ san.